Kíláàsì ìlànà ìjọba: ìbéèrè yín nípa ìwádìí, máàkì àti àyè tí a fi sílẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe kọ́ọ̀sì yìí, àmọ́ àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa náà ń béèrè ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. A kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ni níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti mọ́ yín lára.

Kí ni a ń ṣe nínú kíláàsì yìí gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìlànà ìjọba kan tó kan àwọn ènìyàn tó lè fojú rí, á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀, á sì fi sáà ẹ̀kọ́ kan wá ìdáhùn. Kò sí háńdáàtì tí ẹ máa rà. Nígbà tó bá yá, á kọ ìwé ìmọ̀ràn olójú ewé méjì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì jókòó níwájú wa láti dáhùn ohun tí a bá bi í lórí rẹ̀.

Olùkọ́ ṣì ń kọ́ni o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpìlẹ̀: bí ìṣòro aráàlú ṣe ń dé etí ìjọba, bó ṣe ń di òfin, ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá, ẹni tó ń mú un ṣẹ, àti bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìbéèrè tí ẹ mú wá ni yóò máa sọ ohun tí a óò kọ́. Bí ọ̀pọ̀ yín bá ń wádìí ọ̀rọ̀ owó, a óò jọ ka ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ kan láti òkè dé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera ló pọ̀ jù, a óò tọ ipasẹ̀ owó tí òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀, ká lè mọ ibi tó ń gbà kó tó kan ilé ìwòsàn abúlé.

Irú ìbéèrè wo ni ẹ ń fẹ́?

Ibí yìí ni iṣẹ́ kọ́ọ̀sì náà le sí jù, òun ni a sì ń lo àkókò lé lórí jù.

Ìbéèrè tí a sábà máa ń kọ́kọ́ rí gbà jọ èyí: "Kí ló fà á tí ìwà ìbàjẹ́ fi pọ̀ ní Nàìjíríà?" Ìráhùn lèyí, kì í ṣe ìbéèrè ìwádìí. Ẹnikẹ́ni lè dáhùn rẹ̀ láì dìde lórí àga, kò sì sí ohun tó lè rí tí yóò mú un yí ọkàn padà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó wà nílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de páàkì fóòmù tí àwọn olóúnjẹ fi ń di oúnjẹ fún oníbàárà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé, "Ǹjẹ́ òfin yìí dára?", a óò dá a padà fún un. Bó bá kọ ọ́ pé, "Kí ni àwọn tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Òyìngbò fi rọ́pò páàkì fóòmù, ta ló sì ń san ìyàtọ̀ owó rẹ̀, ẹni tó ń tà ni àbí ẹni tó ń rà?", ó ti dé ibi tí a ń lọ. Ìbéèrè kejì yìí ní ibi kan, ó ní ìgbà kan, ó ní àwọn ènìyàn tí a lè lọ bá, ìdáhùn rẹ̀ sì lè ya ẹni tó béèrè é lẹ́nu. Bí ẹ bá ti mọ ìdáhùn kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wá ìbéèrè mìíràn.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ òní. Ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wà lára ohun tí mo máa ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti tún gbé yẹ̀ wò. Stephen Oluwole Awokoya, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, gbé àbá rẹ̀ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1952. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 tó nǹkan bí 457,000. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 800,000. Nílé yín, ẹ ti gbọ́ èyí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìṣẹ́gun, òtítọ́ sì ni. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìlànà ìjọba gbọ́dọ̀ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan, níbo ni wọ́n ti rí olùkọ́? Ta ló kọ́ yàrá ìkàwé ní abúlé? Kí ló dé tí ẹgbẹ́ Action Group, tó gbé ètò náà wá, fi pàdánù ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ní àkókò tí owó orí tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àti ìlera ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú? Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 sì ṣì wà láàyè tí wọ́n lè sọ tẹnu wọn. Kì í ṣe títí láé ni àǹfààní kejì yìí máa wà.

Ṣé mo lè yí ìbéèrè mi padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, títí di ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ kàn kọ ìpínrọ̀ kan tó sọ ohun tí ẹ rí tó mú yín yí i. Ìpínrọ̀ yẹn wà lára iṣẹ́ yín, a ó sì kà á.

Báwo ni máàkì ṣe ń wá?

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa láti yí padà ni òfin yunifásítì. 70 sókè ni A, 60 sí 69 ni B, 50 sí 59 ni C, 45 sí 49 ni D, Sẹ́néètì yunifásítì ló sì ń fọwọ́ sí èsì. Nínú 100, iṣẹ́ inú sáà kó 40, ìdánwò kó 60. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dé orí iye yẹn ni a yí padà.

Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú 40 náà. Ìbéèrè tí a ti tẹ́wọ́ gbà ní 5. Ìwé àkọsílẹ̀, níbi tí ẹ ń kọ gbogbo ẹ̀rí tí ẹ rí sí, ní 15. Ìwé ìmọ̀ràn ní 12, ìjíròrò ojúkojú sì ní 8. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fún yín ní ojú ewé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó sọ ohun tí iṣẹ́ tó tó gbọ́dọ̀ ní. Bí a bá kà á, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ni a óò kọ sí i: "ó tó" tàbí "kò tíì tó". A kì í fún ìlàjì iṣẹ́ ní ìlàjì máàkì. Èyí tí kò tíì tó, a óò kọ ìdí rẹ̀ sí i, ẹ ó sì ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún un ṣe. Ẹ lè tún iṣẹ́ kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ tó rí i pé apá aṣọ fún jù kì í kọ máàkì sí i lára. Ó máa ń tú u, kó tún un rán.

Nínú ìdánwò, ẹ lè mú ìwé àkọsílẹ̀ yín wọlé. A óò fún yín ní ìlànà tuntun kan tí ẹ kò rí rí, lójú ewé kan, a óò sì béèrè ohun tí ẹ máa fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹni tí ẹ máa lọ bi, àti ohun tó lè fi hàn pé kò ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹni tó kọ́ ìwé sórí máa rí dà sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ kì í kọ máàkì sórí iṣẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ dá padà?

Nítorí pé tí ojú bá ti bá máàkì, kì í sábà ka àlàyé mọ́. Ruth Butler tẹ ìwádìí kan jáde ní 1988 tó ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ísírẹ́lì. Ó fún àwọn kan ní àlàyé nìkan lórí iṣẹ́ wọn, ó fún àwọn kan ní máàkì nìkan, ó sì fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan ni iṣẹ́ wọn dára sí i. Àwọn tó gba méjèèjì kò jàǹfààní àlàyé náà bí ẹni máa rò. Ọmọdé ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ni yín, àmọ́ ohun tí mo ń rí nígbà tí a bá pín ìwé padà kò yàtọ̀: ẹni tó rí 8 nínú 10 á ká ìwé rẹ̀ mọ́ àpò, ẹni tó rí 3 á ṣe bákan náà, kò sì sẹ́ni tó ka ohun tí a jókòó kọ sí etí ìwé.

Ìwé kò bá máàkì wá sáyé. Ní 1897 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Mount Holyoke ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ṣe máàkì bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Evergreen State College, tó ṣílẹ̀kùn ní 1971 ní ìpínlẹ̀ Washington, kì í lò ó rárá. Àlàyé gígùn ni olùkọ́ ń kọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. A kò lè ṣe èyí ní ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a lè fi àlàyé ṣáájú máàkì.

Ṣé kì í ṣe ọ̀nà láti fún gbogbo ènìyàn ní A nìyí?

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ló máa ń béèrè èyí, ó sì tọ́ kó béèrè. Ẹ wo ojú ewé tó sọ ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní: ènìyàn mẹ́fà ó kéré tán tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ọ̀nà tó yàtọ̀ síra, ìwé ìjọba méjì tí a kà fúnra wa, ẹ̀rí kan tó tako èrò akẹ́kọ̀ọ́ náà, àti ohun tó ṣe nípa ẹ̀rí yẹn. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí dáadáa yẹ fún máàkì tó pé, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó ṣe é. Mi ò rí ìdí tí a ó fi fi ìyà àṣìṣe àkọ́kọ́ jẹ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó fi máa parí. Ìdánwò olómáàkì 60 sì ń bẹ níwájú, kò sí àtúnṣe níbẹ̀.

Bí mo bá pẹ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́ta, ọjọ́ méjì méjì. Tí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀kan, ẹ kọ "mo lo àyè kan" ránṣẹ́, ó parí. Ẹ má sọ ìdí fún wa.

Àwọn kan rò pé èyí ti rọ̀ jù. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó lè rí dókítà tó mọ̀ kọ ìwé fún un, á gba àfikún ọjọ́. Ẹni tó ń dúró ti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́, tí iná kò sí, tí dátà rẹ̀ ti tán, tí ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ ń di òdo. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ní iye àyè kan náà láì bẹ ẹnikẹ́ni, ojú rere olùkọ́ kò ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀ mọ́.

Bí ìyanṣẹ́lódì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín sáà?

A ti rí i rí. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ohun tí a pinnu látàrí irú èyí ni pé iṣẹ́ mẹ́rin náà kò so mọ́ ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, ọ̀kan ló ń tẹ̀ lé èkejì. Ibi tí ẹ bá dé ni a ó ti tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá sì gé sáà kúrú, àwọn ẹ̀kọ́ ìparí ni a óò yọ. A kò ní yọ àǹfààní àtúnṣe.

Ṣé mo lè fi Yorùbá ṣe ìwádìí mi?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yunifásítì fi gbé ìdánwò àti ìwé ìmọ̀ràn kalẹ̀, àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ lè jẹ́ èdè tí ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde. Bí ìyá aláta bá sọ pé "wọ́n kàn ń fi orúkọ òfin jẹun lórí wa ni", tí ẹ wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń mú òfin ṣẹ, ẹ ti sọ ẹ̀sùn tó fi kan ènìyàn nù.

Ilẹ̀ Yorùbá yìí kan náà ló ti fi hàn pé èdè wa gbé ẹ̀kọ́. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ìbéèrè ìlànà ìjọba ni wọ́n béèrè, wọ́n sì lọ wá ìdáhùn rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé dípò kí wọ́n máa jiyàn lásán. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022, ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn náà ló tún padà wá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì á ríṣẹ́ ṣe fún sáà méjì.

Báwo ni mo ṣe máa tọ àwọn ènìyàn lọ?

Ẹ kí wọn bí ọmọlúàbí. Ní ọjà, ẹ kọ́kọ́ lọ rí ìyálọ́jà tàbí bàbálọ́jà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ sọ pé iṣẹ́ ilé ìwé ni, ẹ sọ pé wọn kò ní láti dáhùn, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ má fi ìbéèrè nípa iye tí wọ́n ń jẹ lórí ọjà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni yín, òun náà ló sì máa parí ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá dé, ẹ yẹra. Àkókò tiwọn ni ẹ̀ ń gbà.

Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá kọ̀ láti fún mi ní ìwé?

Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé ìjọba, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FOI, ti wà láti 2011. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kàn wọ́n. A óò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ létà náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fi ẹ̀dà létà yín àti ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Àìdáhùn wọn ti di ẹ̀rí nìyẹn, a ó sì kà á mọ́ ìwé ìjọba méjì tí a ní kí ẹ wá.

ChatGPT ńkọ́?

Ẹ lè lò ó láti tún Gẹ̀ẹ́sì yín ṣe, tàbí kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó le nínú ìwé ìṣúná. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lò ó. Ohun tí a kò ní gbà ni kó dá ènìyàn sílẹ̀ fún yín. Kò lọ sí ọjà Bódìjà, kò bá aláta sọ̀rọ̀. Nínú ìjíròrò ojúkojú, a óò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín sí ojú ewé kan, a ó sì ní kí ẹ sọ fún wa nípa ẹni yẹn: níbo ló jókòó sí, kí lẹ bi í tí kò fẹ́ dáhùn. Ẹni tó lọ kì í gbàgbé.

Nínú iṣẹ́ mẹ́rin náà, ohun kan ṣoṣo tí kò ní àtúnṣe ni ẹ̀rí tí a hùmọ̀. Òdo ni fún iṣẹ́ náà, kò sí àyè, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì. Ìwé ìmọ̀ràn tó dúró lórí irọ́ lè dé ọwọ́ ẹni tó máa fi ṣe ìpinnu lórí oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn.

Olùkọ́ ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì tèmi sì lé ní 200. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá gbà láti má ka gbogbo nǹkan. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àdúgbò, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ ní ìbéèrè kan, kí olúkúlùkù sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ìbéèrè ogójì, gbólóhùn kan kan, ẹ lè kà wọ́n tán ní ọ̀sán kan. Kí ẹgbẹ́ méjì máa ka iṣẹ́ ara wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ojú ewé kan tó ṣàlàyé ohun tó tó ló máa gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Ìjíròrò ojúkojú ni kí ẹ má fi du ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ènìyàn kan ti tó.

Ní ti àṣẹ, ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ń kọ́ sílẹ̀ fún yunifásítì fúnra rẹ̀ láti yàn. Àyè wà. Ọ̀nà yìí pàápàá kì í ṣe tuntun: ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn McMaster ní Kánádà ti ń fi ìṣòro aláìsàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti 1969, Yunifásítì Maastricht ní Netherlands sì gbé gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí irú rẹ̀ láti 1976.

Bí ìwádìí mi bá fi hàn pé èrò tí mo mú bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ṣé mo ti pàdánù?

Rárá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni inú mi máa ń dùn sí jù láti kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ láti fi hàn pé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé kò wúlò, tó wá rí i pé ó wúlò ní ibì kan tí kò sì wúlò ní ibòmíràn, tó sì lè sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba kò tíì ṣe. Kó kọ èrò tó kọ́kọ́ ní sí òkè ìwé ìmọ̀ràn rẹ̀, kó kọ ohun tó rí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ni kí n mú wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó lè wọ àpò, bírò, àti ohun kan tí ìjọba ṣe tàbí kọ̀ láti ṣe ní àdúgbò yín tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní. Ẹ má tíì wá ìdáhùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn di ọ̀sẹ̀ kejì.